Àìsàn Ọpọlọ Kì í Ṣe Ohun Ìtìjú: Ọ̀rọ̀ Sí Àwa Àáfà àti Ẹ̀yin Òbí

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa nínú iṣẹ́ kéwú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti pẹ́ tí ó ti ń jẹ wá lọ́kàn. A rí i pé inú ìwé ọdọọdún ilé-kéwú wa yìí ni ó yẹ kí a ti sọ ọ́, nítorí pé ilé gbogbo ni ìwé náà ń dé.

Ní ọjọ́ ọjà kan níhìn-ín ní Ìlọra, a rí àwọn ọmọ kan tí wọ́n ń tẹ̀ lé aláìsàn kan lẹ́yìn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè é ní wèrè, àwọn kan sì ń sọ òkò lù ú. Nígbà tí a súnmọ́ wọn, a rí i pé mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-kéwú tiwa, wàláà wọn wà lábẹ́ abíyá. Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó nítòsí ń rẹ́rìn-ín. A bá àwọn ọmọ náà wí, wọ́n sì túká. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, a bi ara wa léèrè pé, ta ni kò kọ́ wọn? Àwa ni. A ti kọ́ wọn ní àlùwàlá, a ti kọ́ wọn ní ìrun, ṣùgbọ́n a kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́ wọn pé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, aláìsàn ni.

Àwọn baba wa máa ń pa á lówe pé wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn, a ó máa wò ó bí ẹni ń wo eré. Nígbà tí ó bá wọ ilé tiwa, ẹ̀rín yóò di ẹ̀kún, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi ọmọ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, a ó sì máa sọ fún àlejò pé ó ti rin ìrìn-àjò.

OHUN TÍ ÀWA FÚNRA WA ṢE

A kò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá bá wa fún àdúà. Ọ̀dọ́ ni, ó sì mọ̀wé. Oorun ti dá lójú rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó sì ń sọ pé àwọn aládùúgbò ń ka èrò ọkàn òun sórí rédíò. Wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn oníhóró, ó sì ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, oorun sì ń kùn ún púpọ̀, èyí kò sì tẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

A ṣe àdúà fún un, a ka Àlùkùránì sí i létí, a sì fún un ní omi tí a fi fọ wàláà mu. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, ìyá náà béèrè pé, “Àáfà, ṣé kí ó máa lo oògùn ọsibítù lọ?” A dáhùn pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ti wọ̀ ọ́, kí ó fi oògùn òyìnbó sílẹ̀. Kò ju oṣù kan àti díẹ̀ lọ tí àìsàn náà padà dé, ó sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní òru ọjọ́ kan ọmọ náà já jáde nílé, ó gba títì Ọ̀yọ́ lọ ní ìhòòhò, láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ọlọ́hun ni ó yọ ọ́. Ilé ìwòsàn náà ni wọ́n tún gbé e padà lọ. Lónìí, iṣẹ́ télọ̀ ni ó ń ṣe, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì ń kírun pẹ̀lú wa ní mọ́sáláṣí. Ìyá rẹ̀ kò bá wa jà rí. Èyí gan-an ni ó dùn wá jù.

Ohun tí a ṣe ni pé a dá ẹjọ́ lórí ohun tí a kò ní ìmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe jókòó, tí a wádìí lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, kí a má baà tún ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.

KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ỌPỌLỌ?

Ọpọlọ ọmọ ènìyàn kò wúwo ju nǹkan bíi kílò kan àti ààbọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣírò pé sẹ́ẹ̀lì tí ń ránṣẹ́ sí ara wọn nínú rẹ̀ tó bílíọ̀nù 86. Àlàfo tín-ń-tín wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì. Bí ọ̀kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, yóò tú kẹ́míkà jáde, èyí tí yóò sọdá àlàfo náà lọ jíṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé-kéwú wé e. Bí olùkọ́ kíláàsì kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ kíláàsì kejì, ọmọ kan ni yóò rán. Bí ọmọ náà bá jíṣẹ́ bí ó ti yẹ, gbogbo ilé-kéwú yóò tòrò. Bí àwọn ìránṣẹ́ bá pọ̀ jù, tí gbogbo wọn ń pariwo, àwọn olùkọ́ kò ní gbọ́ ara wọn mọ́. Bí wọn kò bá sì tó, tàbí tí olùkọ́ kejì kò ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, iṣẹ́ náà kò ní dé ibi tí a rán an. Àwọn kẹ́míkà tí a ń pè ní dopamine, serotonin àti noradrenaline wà lára àwọn ìránṣẹ́ yìí. Ara iṣẹ́ wọn ni oorun wa, ìdùnnú wa, ìbẹ̀rù wa, àti bí a ti ń mọ ohun tí ó wà yàtọ̀ sí ohun tí kò sí.

Bí iṣẹ́ dopamine bá kọjá ààlà ní apá kan ọpọlọ, ènìyàn lè máa gbọ́ ohùn tí kò sí, kí ó sì máa rí ọ̀tá níbi tí kò sí ọ̀tá. Púpọ̀ nínú oògùn tí àwọn dókítà ń fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn tí dopamine ń kàn ni ó ń dí. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ àwọn mìíràn fi ń gbọ̀n tí ara wọn sì ń le, nítorí pé dopamine kan náà ni ọpọlọ fi ń darí ìrìn àti ọwọ́. Gbígbọ̀n ọwọ́ ọmọ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, iṣẹ́ oògùn ni. Dókítà lè dín in kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀, bí a bá padà lọ sọ fún un.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni èyí. Àwọn baba wa kò mọ orúkọ kẹ́míkà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ewé àti egbò. Asofẹ́yẹjẹ wà lára igi tí àwọn oníṣègùn Yorùbá máa ń lo gbòǹgbò rẹ̀ fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kí ó lè sùn, kí ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Igi tí ó bá a tan wà ní Íńdíà, àwọn ará ibẹ̀ náà sì ń lò ó. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ ohun kan jáde nínú gbòǹgbò ti Íńdíà, wọ́n pè é ní reserpine. Ohun kan náà wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa. Ní 1957, Arvid Carlsson ará Sweden àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn fún ehoro ní reserpine. Àwọn ehoro náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, wọn kò lè mira, nítorí pé reserpine ti gbọ́n àwọn kẹ́míkà ìránṣẹ́ gbẹ nínú ọpọlọ wọn. Ó tún fún wọn ní ohun tí ọpọlọ lè sọ di dopamine, ni wọ́n bá dìde, wọ́n ń rìn. Iṣẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí a mọ dopamine, a sì fún Carlsson ní ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2000.

Ẹ kíyè sí i. Ehoro kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kò ní orogún, kò sì jẹ gbèsè àdúà. Síbẹ̀, kẹ́míkà yí ìwà rẹ̀ padà láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe fún ehoro, kí ni ó dé tí a fi ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ baba ni ó mú ọmọ lágbájá? Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lọ se asofẹ́yẹjẹ nílé o. Kò sí ẹni tí ó mọ ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ìkòkò. Reserpine a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì lè mú ìbànújẹ́ bá ọkàn.

A kò sì gbọdọ̀ sọ pé kẹ́míkà nìkan ni gbogbo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kò gbà mọ́ pé àìtó kẹ́míkà kan ṣoṣo ni ó ń fa ìsoríkọ́. Àjogúnbá wà níbẹ̀. Ìyà, òfò, ogun àti ìlòkulò wà níbẹ̀. Ìbímọ wà níbẹ̀, nítorí náà ni Yorùbá ṣe ní orúkọ àbísínwín. Igbó mímu àti kolorádò tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí, inú ọpọlọ ni wọ́n ń já sí. Àtọ̀gbẹ náà ní ohun tí ń fà á nínú oúnjẹ àti nínú ìdílé, bẹ́ẹ̀ a kì í na alátọ̀gbẹ, a kì í sì í sọ fún un pé kí ó lọ tún ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣe.

KÍ NI Ẹ̀SÌN WA KỌ́ WA?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àlùjànnú ńkọ́? A kò sẹ́ pé àlùjànnú wà. Ṣùgbọ́n bí a kò ti lè sọ pé gbogbo ibà ni iṣẹ́ àjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé gbogbo ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀ ni àlùjànnú gbé wọ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pàṣẹ fún wa pé kí a máa wá ìwòsàn, ó sì fi yé wa pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ tí kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú. Kò yọ àìsàn orí sílẹ̀.

Ànábì Yákúbù sunkún ọmọ rẹ̀ Yúsúfù títí ojú rẹ̀ fi funfun, Ọlọ́hun kò sì sọ pé kò ní ìgbàgbọ́. Nínú hàdíìsì tí Ánásì gbà wá, tí Imam Muslim kó sínú ìwé rẹ̀, obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tí nǹkan wà nínú làákàyè rẹ̀. Ó tọ Ànábì wá pé òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá a sọ. Ànábì ní kí ó yan ojú ọ̀nà tí ó bá wù ú, ó sì bá a dúró níbẹ̀ títí ó fi sọ tán. Kò lé e, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ fi èyí wé ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní ọjà.

Àwọn onímọ̀ wa àtijọ́ náà kò sùn. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní 934, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn pọ̀. Ó pín ìbànújẹ́ sí méjì, èyí tí a mọ ohun tí ó fà á, àti èyí tí ó dédé dé tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Ó ní inú ara ni irú kejì yìí ti ń wá, nítorí náà kí a tọ́jú ara. Ní Aleppo, ní 1354, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn kan tí ó ní yàrá fún àwọn tí orí wọn dàrú, pẹ̀lú omi tí ń ṣàn láàárín ọgbà rẹ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n. Níbo ni àwa ti wá rí ẹ̀wọ̀n?

WÈRÈ KỌ́ NI A FI Ń WO WÈRÈ

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé wèrè ni a fi ń wo wèrè, wọn a sì fi ìyẹn gbé pàṣán àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní oṣù November 2019, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde nínú ilé kan ní Ojóò, nílùú Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti sé wọn mọ́ ní orúkọ àtúnṣe ìwà àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ojóò kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà tí ó gba Fìdítì kọjá lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó já sí. Ojú ti wá. Ẹni tí a so mọ́lẹ̀ lè dákẹ́, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ̀wọ̀n kò kan kẹ́míkà ọpọlọ, ẹsẹ̀ ni ó ń jẹ.

Òfin pàápàá ti yí padà. Òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó ni orílẹ̀-èdè wa ń lò títí di January 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó ka ẹ̀tọ́ aláìsàn sílẹ̀, tí ó sì sọ pé a kò gbọdọ̀ tìtorí àìsàn yìí fi iṣẹ́ tàbí ilé dù ú.

Ohun tí ó dára sì ti ṣẹlẹ̀ láàárín àwa Yorùbá. Orúkọ Arò ní Abẹ́òkúta ni a fi ń bú ara wa, pé “wọn yóò gbé ọ lọ sí Arò.” Ṣùgbọ́n ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ tí gbogbo ayé wá wò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé gbé. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Lambo yìí di igbákejì olùdarí àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Ní 2020, àwọn onímọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn jẹ́ aṣáájú wọn tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana pẹ̀lú aláìsàn tí ó lé ní 300. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúà ni àwọn aláìsàn náà wà. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń wá bá aládùúà ṣiṣẹ́ pọ̀, ara àwọn aláìsàn yá ju ti ibi tí aládùúà nìkan ti ń ṣe é bí ó ti máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Wọn kò ní kí àáfà lọ jókòó sílé. Wọ́n ní kí ó ṣí ilẹ̀kùn fún nọ́ọ̀sì.

ÌTÌJÚ NI Ó Ń PA WÁ

Ìwádìí mìíràn tí Gureje àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005, lẹ́yìn tí wọ́n ti bi ènìyàn tí ó lé ní 2,000 léèrè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, fi hàn pé 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbà pé eléwu ni ẹni tí ó ní àìsàn ọpọlọ. Àwọn 82.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rù yóò bà láti bá a sọ̀rọ̀ lásán. Àwa ni wọ́n bi. Ará ilé wa ni.

Nítorí ìtìjú yìí, ìyá yóò fi ọmọ pamọ́ títí àìsàn yóò fi gbó sí i lára. Ọkọ yóò kọ ìyàwó tí ó ní àbísínwín, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú kíákíá a máa wò ó sàn. Nígbà tí wọ́n bá sì ń wádìí ìdílé fún yìgì, ẹnì kan yóò sọ pé, “Wèrè wà nílé wọn,” ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí síbẹ̀. Tani yóò wá jẹ́wọ́ pé òun ń gba oògùn?

OHUN TÍ A BẸ̀ YÍN FÚN

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ kò bá sùn mọ́, tí ó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tí ó ń gbọ́ ohun tí kò sí, tàbí tí ó ń sọ pé ikú sàn fún òun, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní Arò. Bí ó bá jẹ́ ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín ni ẹ kọ́kọ́ dé, wọn yóò tọ́ yín sọ́nà.

Èkejì, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Àwọn oògùn mìíràn a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ó bá ń yọ yín lẹ́nu, dókítà ni kí ẹ sọ fún.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí a máa ṣe àdúà wa, kí a máa ka Àlùkùránì wa, nítorí pé ìfọ̀kànbalẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìbéèrè wa àkọ́kọ́ jẹ́ pé, “Ṣé ẹ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà?” Kí a má ṣe gbé ẹ̀wọ̀n, kí a má ṣe gbé pàṣán, kí a má sì ṣe fi ebi wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tí ó bá sọ òkò lu aláìsàn, kò tíì mọ ohun tí ó ń kọ sórí wàláà. Láti sáà yìí lọ, ẹ̀kọ́ yìí yóò wà lára ohun tí a óò máa kọ́ yín ní kíláàsì ìwà ọmọlúwàbí, a ó sì bi yín léèrè rẹ̀ nínú ìdánwò.

Kí Ọlọ́hun forí àṣìṣe wa jì wá, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. Kí ó wo gbogbo aláìsàn wa sàn, kí ó fi ọkàn àwọn ìyá tí ń ṣọ́ ọmọ lóru balẹ̀, kí ó sì ṣọ́ làákàyè tiwa fún wa títí ọjọ́ tí a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Àmín.